Ọwọ́ Kì í Tètè Gbàgbé, Orí Ló Ń Gbàgbé: Ọ̀rọ̀ Lórí Rélùwéè Kékeré àti Iṣẹ́ Tá A Ti Pa Tì

"Béèyàn bá ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, kò lè gbàgbé mọ́ láéláé." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ní ti kẹ̀kẹ́, òótọ́ ni. Ibi tí èmi àti àwọn èèyàn ti máa ń ní awuyewuye ni ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí, tí wọ́n wá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹni tó ti pa iṣẹ́ kan tì fún ọdún mẹ́rin á kàn jókòó sídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á ní "mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe jàre", á ba nǹkan olówó gọbọi jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá yí ohùn padà: "Ó ti lọ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́." Lójú tèmi, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú gbólóhùn méjèèjì. Èyí èkejì ló sì ń dùn mí jù, torí òun ló ń mú kí èèyàn di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí, kó gbé e fún ẹlòmíì, kó sì gbà pé ayé iṣẹ́ yẹn ti parí fún òun.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu: àwọn tó ń kọ́ rélùwéè kékeré. Mi ò sọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé o. Àgbàlagbà ni wọ́n, ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Ọba, ní Jámánì, tí wọ́n máa ń kọ́ ojú irin, ibùdókọ̀, òkè, afárá àti odindi ìlú sórí tábìlì nínú yàrá, tí gbogbo rẹ̀ á sì bára mu ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní HO: a ó pín gbogbo nǹkan gidi sí ọ̀nà 87, a ó mú ẹyọ kan, àlàfo àárín irin méjèèjì á sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, NMRA, ti wà láti ọdún 1935. Ní Hamburg, Miniatur Wunderland tí wọ́n ṣí lọ́dún 2001 ní ojú irin kékeré tó ju kìlómítà 15 lọ. Ẹ̀yin ará kọ̀ǹpútà, ẹ má yọ ṣùtì sí wọn: inú ẹgbẹ́ rélùwéè kékeré kan ní MIT, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946, ni ọ̀rọ̀ "hacker" bí a ṣe ń lò ó lónìí ti gbilẹ̀. Àwọn tó ń to wáyà sábẹ́ tábìlì rélùwéè níbẹ̀ ló wá kó lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

(Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un díẹ̀. Ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1901, fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Ti tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 fẹ̀ ní 1,435. Ẹ fi 87 pín 1,435, ẹ máa rí nǹkan bíi 16.5. Ẹ fi 64 pín 1,067, ẹ máa rí nǹkan bíi 16.7. Ó sún mọ́ ọn débi pé àwọn kan ní New Zealand, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, máa ń kọ́ ọkọ̀ wọn ní ìwọ̀n 1 sí 64 kí wọ́n lè lo irin 16.5 tó wà lọ́jà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irin kan náà lè gbé ọkọ̀ Ìbàdàn ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ìwọ̀n ọkọ̀ nìkan ló máa yí padà. Ẹni bá fẹ́ kọ́ ọ, ìṣirò rẹ̀ rèé.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni mo mú? Torí pé bí iṣẹ́ wọn ṣe tò fúnra rẹ̀ ló ń bí ìgbàgbé. Ẹni tó ń kọ́ rélùwéè kékeré á kọ́kọ́ ṣe káfíńtà, kó kan tábìlì. Lẹ́yìn náà á tẹ́ irin. Á wá jó wáyà mọ́ irin kí iná lè dé ibi gbogbo. Á ṣe òkè àti igi, á da òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín irin, á kun ọkọ̀ lọ́dà kó lè dà bí èyí tó ti gbó, tó sì ti dógùn-ún. Ipele kan á tẹ̀lé èkejì. Oṣù mẹ́fà lè lọ lórí irin àti wáyà nìkan: á jó ibi ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ á sì dá ṣáká. Tó bá ti tẹ́ irin tán, ó tán nìyẹn. Ọdún márùn-ún lè kọjá kó tó tún ní ìdí láti gbé áyọ́ọ̀nù sódà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kíráàmù mọ́jú ọjọ́ ìdánwò rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tá a bá kó jọ sójú kan ṣoṣo, tá a wá pa tì, òun ló máa ń yára lọ jù. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí dà bíi pé ẹni tó ń wá bí a ṣe máa gbàgbé ló to ètò rẹ̀.

Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé ìgbàgbé sórí òṣùwọ̀n. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1885, ara rẹ̀ nìkan ló sì fi ṣe àyẹ̀wò. Ó há ọ̀wọ́ sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún àkókò kan, ó tún wọn há, ó sì wo bí àkókò tí àtúnhá gbà ṣe dín sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún làálàá àkọ́kọ́ ni kò ní láti ṣe mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó kù sí 34. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, ó kù sí 21. Murre àti Dros tún àyẹ̀wò yìí ṣe, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, ohun tí wọ́n rí sì jọ ti Ebbinghaus gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn yìí sí ni "ẹ wo bí a ṣe ń yára gbàgbé". Èmi, 21 yẹn ni mò ń wò. Sílébù tí kò nítumọ̀ ni o, nǹkan tí kò ní orúkọ tí kò sì ní adùn, oṣù kan sì ti kọjá, síbẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò lè ka ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó tún ń kọ́ wọn ló tó hàn pé nǹkan kan kù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "mo ti gbàgbé", ohun tó ń sọ fún wa ni pé òun ò lè mú un jáde báyìí. Kò tíì sọ fún wa iye tó máa ná an láti rí i gbà padà. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tó tún yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni irú ìmọ̀ọ́ṣe tó ń lọ àti irú èyí tó ń dúró. Lọ́dún 1962, Fleishman àti Parker tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ tó jọ wíwa ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ darí àmì kan kó má kúrò lójú àárín. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù 9 sí oṣù 24. Ohun tó sọnù kò tó nǹkan, wọ́n sì tètè rí i gbà padà. Ìdílé kẹ̀kẹ́ nìyẹn: iṣẹ́ tó ń ṣàn, tí ojú ń wò tí ọwọ́ ń tẹ̀lé láìdúró. Ẹ wá fi wé ti àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn oníṣègùn ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó ti ń yìnrìn lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ìgbésẹ̀ ni ìyẹn: kọ́kọ́ ṣe eléyìí, ka iye yìí, kí o tó ṣe tọ̀hún. Kò sí ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ tó máa fa ìgbésẹ̀ kejì jáde lára ìkíní.

Pé ọwọ́ àti ìrántí kì í jọ sùn sínú yàrá kan náà, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Henry Molaison ló là wá lójú jù lọ. Lọ́dún 1953 ni wọ́n yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ nítorí wárápá, látìgbà yẹn kò sì lè fi ohun tuntun pa mọ́ sórí. Brenda Milner ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ etí àwòrán ìràwọ̀ kan, àmọ́ inú dígí nìkan ló ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i. Ọkùnrin yìí kò sì rántí rárá pé òun ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọwọ́ mọ̀, ẹni tó ni ín ò mọ̀. Tiwa tá a pa iṣẹ́ tì sábà máa ń jẹ́ òdìkejì: ẹni náà gbà pé òun mọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ dáadáa, kò wá fura pé ìgbésẹ̀ kan ti já bọ́ láàárín.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sórí tábìlì rélùwéè. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń dà sáàárín irin, ẹ ronú nípa rẹ̀. Ọwọ́ tó ń wọ́n ọn, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá a kúrò lórí igi ìdábùú, tó ń fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ irin kí òkúta lè jókòó, ọwọ́ yẹn kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ó ṣì wà ńbẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń sọnù: kí a kọ́kọ́ fi omi tó ní ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo rin ín, ká tó kán gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà tá a ti fi omi là sí i. Ẹ̀kán ọṣẹ yẹn kéré, àmọ́ òun ni gbogbo iṣẹ́ náà. Omi lásán máa ń fà mọ́ra lójú òkè, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á yí gbirigbiri lórí eruku òkúta, á sì kó òkúta náà lọ. Ọṣẹ ló ń já okun yẹn kí omi lè wọlé sáàárín òkúta. Ẹni tó bá gbàgbé ọṣẹ á rí ihò àti òkìtì níbi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀, á sì rò pé ọwọ́ òun ló ti bà jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o. Ìgbésẹ̀ míì tún ni pé ká má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dé oríta ojú irin, ibi tí irin tó ń sún ti ń ya ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tó bá gbẹ síbẹ̀, oríta yẹn ò ní sún mọ́ nìyẹn.

Ti sódà ló gba àlàyé jù, torí òun ló ń lé àwọn èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí jù. Òjé tí àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe máa ń yọ́ lé ẹnu wáyà ni mò ń pè ní sódà. "Irin" rélùwéè kékeré, ẹnu lásán ló jẹ́ irin. Kọ́pà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀. Nickel silver lorúkọ rẹ̀ lọ́jà, kò sì sí sílífà kankan nínú rẹ̀. Ike ni igi ìdábùú abẹ́ rẹ̀. Sódà àtijọ́, èyí tó ní ìdá 60 tánńganran àti 40 òjé, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní ìwọ̀n 183 lórí Celsius, á yọ́ tán ní nǹkan bí 190. Ike yẹn ti máa rọ̀ tipẹ́ kí ooru tó dé ibẹ̀. Eré ìje ni, ní kúkúrú: kí ojúkò tí o fẹ́ jó gbóná tó, kí o sì ti gbé ọwọ́ kúrò kí ooru tó rìn lọ bá ike.

Ibí yìí ni ọgbọ́n orí àti ọgbọ́n ọwọ́ ti ń jà. Ẹni tó ti pẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ máa ń bẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn á sì ní kó din ooru áyọ́ọ̀nù kù, tàbí kó lo èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ òun gan-an ló ń yọ́ ike. Áyọ́ọ̀nù tí kò lágbára gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ lórí irin kí ojúkò yẹn tó gbóná tó, ooru á sì ti rìn káàkiri títí dé ìdábùú mẹ́ta mẹ́rin lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó gbóná dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tó sì mọ́, á ṣe tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, á kúrò. Kó tó di ìyẹn, a ti ha ẹ̀gbẹ́ irin mọ́, a ti fi páàsìtì pa á kí ipata ojú rẹ̀ lè kúrò (páàsìtì ti iṣẹ́ iná ni o, kì í ṣe oníásíìdì tí àwọn pọ́ńbà ń lò, torí ìyẹn á máa jẹ wáyà lọ), a ti kọ́kọ́ yọ́ sódà díẹ̀ sára wáyà àti sára irin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ti fi kílíìpù onírin há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó máa fa ooru mu. Ẹ wo bí ìgbésẹ̀ ṣe pọ̀ tó kí ọwọ́ tó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nǹkan míì tún wà tó máa ń bá ẹni tó pẹ́ lójijì: ìmọ̀ rẹ̀ lè wà digbí kí ayé ti yí kúrò lábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n yọ òjé kúrò nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò oníná, sódà tí kò lójé sì ti kún ọjà. Ìwọ̀n 217 sí 220 ni irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọ́. Ẹni tó dáwọ́ dúró lọ́dún 2004, tó ra tuntun lónìí, tó sì lo ooru tó ń lò nígbà náà lọ́hùn-ún, kò ní mọ ohun tó ń dè é lọ́wọ́. Ojú pàápàá á tàn án. Lórí sódà olójé, ibi tó bá ń dán ló jó dáadáa, ibi tó bá ṣú ni kò jó. Èyí tí kò lójé máa ń ṣú díẹ̀ nígbà tó jó dáadáa pàápàá. Ẹni tí ojú rẹ̀ rántí dáadáa á máa tún ohun tí kò bàjẹ́ jó, títí yóò fi bàjẹ́ lóòótọ́.

Nínú lab tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ Masters mi, a ní technologist kan, bàbá ni sí gbogbo wa. Wọ́n ní páálí kan lábẹ́ tábìlì wọn tó kún fún wáyà gígé àti bọ́ọ̀dù tó ti kú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jó nǹkan, ì báà jẹ́ ọmọ Ph.D., inú páálí yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

"Kọ́kọ́ jó mẹ́wàá fún mi níbí."

"Bàbá, mo mọ̀ ọ́n ṣe ńṣe. Mo ṣe é ní séṣọ̀n tó kọjá."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé ọwọ́ rẹ mọ̀ pé o ti dé ni?"

Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí bàbá ń sọ lórúkọ nínú ìwé. Lọ́dún 1961, Jack Adams kọ àkójọ ìwádìí lórí ohun tí wọ́n ń pè ní warm-up decrement: ẹni tó sinmi kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ á ṣe ti àkọ́kọ́ kúlúkúlú, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á sì padà sípò. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe pé ìmọ̀ ti lọ. Ara ló ṣì ń wá bó ṣe máa jókòó. Mo ti wo àwọn èèyàn lórí páálí yẹn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń burú. Tó bá fi máa di ìkẹfà tàbí ìkeje, ó ti ń dùn ún wò. Ẹ wá ro ti ẹni tó jókòó sílé, tí kò ní páálí, tó jẹ́ pé ojú irin tó fi owó ọdún kan rà ló fi ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Òun lẹni tó máa sọ pé "ó ti lọ lọ́wọ́ mi". Ó kàn jẹ́ pé ó dúró sí ìkẹta ni.

Ẹ máa sọ pé, ṣebí YouTube wà. Ó wà o, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Michael Kardas àti Ed O'Brien tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018 tó yẹ kí wọ́n máa fi hàn ká tó tẹ fídíò iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Àwọn tó wo ẹni tó ń fa aṣọ yọ lábẹ́ abọ́ lórí tábìlì ní ogún ìgbà gbà pé àwọn máa lè ṣe é ju àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí wọ́n wá dán irú wọn wò lórí àwọn nǹkan bíi jíju ọfà kékeré sí pátákó àti ijó moonwalk, wíwò lọ́pọ̀ ìgbà kò fi nǹkan kan kún ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lè ṣe. Ìgboyà nìkan ló kún. Fún ẹni tó ti mọ iṣẹ́ yìí rí, mo rò pé ewu yẹn tilẹ̀ pọ̀ sí i, torí gbogbo ohun tó bá rí nínú fídíò ló máa dà bí ohun tó ń rántí. "Ẹn-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ìyẹn." Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ dá a mọ̀ ni.

Ohun tí mo gbà gbọ́ pé ó yẹ rèé. Kẹ́ ẹ tó ṣí fídíò tàbí ìwé, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ bá rántí sílẹ̀, látòkè délẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ ń fi sílẹ̀ láàárín. Ó máa nira, ìnira yẹn ló sì ń ṣiṣẹ́. Roediger àti Karpicke fi hàn lọ́dún 2006: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá ń gbìyànjú láti kọ ọ́ jáde láti orí, rántí nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà rántí nǹkan bíi 40. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ló mókè, tó túmọ̀ sí pé ohun tó dára lójú lójúkan náà ló ń tàn wá. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ wá ṣí fídíò. Ibi tí àlàfo wà lórí bébà yín ni kẹ́ ẹ wá lọ síbẹ̀. Ẹ má jókòó ti ogún ìṣẹ́jú.

Ọwọ́ ní tirẹ̀ kò nílò bébà. Àjákù irin tí kò gùn ju ìka mẹ́ta lọ ló nílò, pẹ̀lú wáyà díẹ̀. Ẹ jó mẹ́wàá sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ jó márùn-ún sí i, kí ẹ tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Iye yẹn, èmi ni mo dá a, ẹ lè yí i padà. Àlàfo àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má yọ kúrò. Ọ̀dà fífọ́n náà ò yàtọ̀, àjákù páálí ló nílò. Ẹ gbìyànjú láti fa èyí tó jó náà ya. Tí wáyà bá já kí sódà tó ṣí, ó ti ṣeé gbé lọ sórí tábìlì gidi.

Ẹnì kan tí mo sọ èyí fún ní, "Ìwọ náà ṣá, ìgbafẹ́ ni wọ́n pè é, o wá fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìwé." Ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àtúnyẹ̀wò lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni tó fẹ́ jókòó ìdánwò. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń pa adùn iṣẹ́ yìí ní tòótọ́: ike tó yọ́, oríta tó há, decoder kan tó jó nínú ọkọ̀ torí wáyà méjì kan ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àjákù kò lè gba adùn lọ́wọ́ ẹni tó ohun wọ̀nyí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìmọ̀ọ́ṣe ló tọ́ sí kéèyàn jí i dìde. NMRA ní ìwé ẹ̀rí mọ́kànlá lóríṣiríṣi, ó sì yọ̀ǹda kí èèyàn gba méje péré nínú wọn kó tó jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè di gbogbo rẹ̀ mú. Ìbéèrè méjì ni èmi máa ń bi: ṣé mo máa lò ó láàárín oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀? Bí mo bá ṣì í ṣe, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Òkúta wẹ́wẹ́ tá a fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀, a lè fi omi rin ín padà ká sì kó o kúrò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kó kàn bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan. Ìdábùú ike tó bá yọ́ kò lẹ́yìn. Sódà ló yẹ kó gba àkókò.

Ti oríta irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ gé, tí wọ́n ń fi fáìlì fá irin rẹ̀ títí tó fi tín bí abẹ, ìyẹn ni mi ò tíì pinnu lé lórí. Oríta tó ti jáde láti ilé iṣẹ́ wà lọ́jà, ó dára, Peco nìkan ṣe oríṣiríṣi. Kò sí ìtìjú nínú rírà á. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ti rò ó, kó má jẹ́ pé mẹ́ta àkọ́kọ́ ló lé e. Ẹni tó bá sì ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná, òun ni mo ní iṣẹ́ fún jù: ọjọ́ tó bá parí oríta tó kẹ́yìn, kó má tíì palẹ̀ mọ́. Kó kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí bébà kan lọ́rọ̀ ara rẹ̀, irú sódà tó lò, ìwọ̀n ooru áyọ́ọ̀nù, páàsìtì wo, apá ibo ni kó kọ́kọ́ gé kí iná má bàa kan ara wọn. Kó kọ ọjọ́ sí i, kó ká a, kó sì fi sínú páálí kan náà pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ àti àjákù irin méjì.